Ọ̀gá Àgbà Tó Gé Ọ̀nà Òfurufú Kúrú

Ohun tí Ọ̀gá Àgbà pápákọ̀ òfurufú wa ṣe kò dára, mo sì fẹ́ kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mú ìrìn-àjò wákàtí mọ́kànlá, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé wákàtí mẹ́fà ni. Ó fi ebi pa àwọn èrò nítorí rẹ̀. Ó lé obìnrin tó sọ òtítọ́ fún un kúrò lórí àga rẹ̀, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé kí ó fọwọ́ sí irọ́ tàbí kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àìmọ̀ nìkan ni, mi ò ní bá a wí. Gbogbo wa la wá sáyé láìmọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbà pé ohun tó bá ti ẹnu òun jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín. Ó sanra níwọ̀n, ó ga níwọ̀n, ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀ lọ́nà ọ́fíìsì, ẹ ó rò pé àwọn èèyàn ń kó lọ sílé tuntun. Ẹnì kan gbé àpò rẹ̀, ẹnì kan gbé awò ojú rẹ̀, ẹnì kan sáré síwájú lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni kẹrin kò gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa rẹ́rìn-ín bí Ọ̀gá bá ṣe àwàdà. Akọ̀wé Ọ̀gá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí ìdáhùn mìíràn kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá kì í wọ aago. Ó ní èèyàn ńlá kì í wo àkókò, àkókò ló ń wo èèyàn ńlá. Bó bá fẹ́ mọ ohun tí aago wí, á na ìka kan sókè, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á sì sọ fún un.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ọ̀gá lọ ṣèpàdé ní ìlú òkèèrè tó wà ní òdìkejì òkun, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bó ti ń wọ bàálù lọ, ó wo aago ńlá tó wà lára ògiri wa: aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó jẹun, ó sùn, ó hanrun títí. Nígbà tó jí, wọ́n ti balẹ̀. Ó wo aago ara ògiri tiwọn: aago méjì ọ̀sán. Ó ka ìka rẹ̀, ó rí mẹ́fà, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó ń padà bọ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n gbéra lọ́hùn-ún, aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n balẹ̀ sílé. Ó tún ka ìka rẹ̀. Ìka ọwọ́ tán, ó fi ti ẹsẹ̀ kún un. Ó di mẹ́rìndínlógún. Inú bí i.

Kò lọ sílé lọ wẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì lọ tààrà, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ń kọ pátákó àkókò wá.

Ìyá Aago ni wọ́n ń pe ẹni náà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń kọ ìgbà tí bàálù ń gbéra àti ìgbà tó ń balẹ̀. Aago méjì ló máa ń wọ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń sọ aago ilé. Ti ọwọ́ òsì ni ó máa ń yí sí aago ìlú tí bàálù ń lọ, kì í sì í dá a padà títí tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ láago pé àwọn èrò ti balẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ fi ọ̀kan ta wá lọ́rẹ.” Òun náà á ní, “Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyọ kan tí ẹ ní tètè dé ibi iṣẹ́ ná.”

“Ìwọ obìnrin yìí,” ni Ọ̀gá wí. Ẹ kíyè sí i pé Ìyá Aago fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. “Kí lo kọ sára pátákó nípa ìlú òkèèrè?”

“Ẹ kú àbọ̀, Ọ̀gá. Mo kọ ọ́ pé aago mẹ́jọ ni yóò gbéra, aago méjì ni yóò balẹ̀, wákàtí mọ́kànlá ni yóò lò.”

“Akọ̀wé, ṣírò rẹ̀ fún un.”

Bẹ́ẹ̀-ni-sà na ìka. “Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá, ọ̀kan, méjì. Mẹ́fà ni, sà. Mẹ́fà gédégédé.”

“Ọ̀gá, aago tiwọn ni aago méjì yẹn. Ilẹ̀ ti máa ń mọ́ níbí tipẹ́ kó tó mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn.”

“Ta ló fún wọn láṣẹ láti ní aago tiwọn?”

Ìwọ òǹkàwé, kí ni ìwọ ìbá fi dáhùn ìyẹn?

“Àbọ̀ wa ńkọ́?” Ọ̀gá tẹ̀síwájú. “Wákàtí mẹ́rìndínlógún! Ọ̀nà kan náà! Níbo làwọn awakọ̀ yìí ń yà sí?”

“Wọn ò yà síbì kankan, Ọ̀gá. Ẹ da mẹ́fà pọ̀ mọ́ mẹ́rìndínlógún, ó di méjìlélógún. Ẹ pín in sí méjì. Mọ́kànlá lálọ, mọ́kànlá lábọ̀. Ọ̀nà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà, bàálù sì ń sá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ní wákàtí kan.”

Ọ̀gá fara ti àga, ó ronú. Ohun tó rò, ẹnikẹ́ni kò rò ó rí láti ìgbà tí bàálù ti ń fò.

“Ó wá jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ló gùn jù,” ló wí. “A ó gé e.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìwé àṣẹ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, títí kan ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó kà báyìí pé: “Èmi, Ọ̀gá Àgbà, alábòójútó òfurufú àti ohun gbogbo tó ń kọjá nínú rẹ̀, lẹ́yìn àròjinlẹ̀ àti ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn arìnrìn-àjò, mo pàṣẹ pé láti òní lọ, jíjìnnà ìlú òkèèrè sí wa yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé irínwó kìlómítà, àti pé wákàtí mẹ́fà ni a ó máa fi dé ibẹ̀. Bàálù tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀lẹ ni.”

Wọn kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé náà gbẹ tí àwọn olórí ẹ̀ka fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá kí Ọ̀gá kú iṣẹ́. Olórí ẹ̀ka ẹrù ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè gé ayé kúrú láìlo àdá. Olórí ẹ̀ka ààbò sọ pé, “Sà, ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ti dà bí ará àdúgbò báyìí.” Ọ̀gá na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń súre. Wọ́n kúnlẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ nílé.

Awakọ̀ àgbà nìkan ni kò kúnlẹ̀. “Sà, epo wákàtí mọ́kànlá ni mò ń rà,” ló wí.

“Ra mẹ́fà.”

“Ẹ ní àṣẹ lórí pátákó, sà. Epo tó máa gbé mi kọjá òkun, èmi ni mo máa fọwọ́ sí i.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. A dúpẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn yìí kò ní jẹ́ ìtàn ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ilé ìdáná wà lábẹ́ Ọ̀gá. Ó ní kí olórí alásè fagi lé oúnjẹ kejì: èèyàn wo ló ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí mẹ́fà bí kì í bá ṣe wọ̀bìà? Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá arúgbó kan kọ̀wé pé òun jẹ ṣúgà tó wà nínú bébà, òun sì jẹ bébà náà. Ọ̀gá fèsì pé ebi tó bá pa ènìyàn lẹ́yìn wákàtí kẹfà, kò sí nínú ìlànà.

Ó wá ku wákàtí mẹ́rìndínlógún ti àbọ̀. Ọ̀gá yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje pé kí wọ́n wọ bàálù, kí wọ́n ṣọ́ àwọn awakọ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń yà sí lọ ṣeré fún wákàtí mẹ́wàá gbáko. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n kọ ìwé tó nípọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ojú àwọn là, bàálù ń lọ ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwọn méjèèje ti sùn, ó dájú pé ìgbà yẹn ni àwọn awakọ̀ yà. Ọ̀gá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Ìyá Aago ńkọ́? Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá ẹrù tó sọnù, níbi tí agboòrùn ọgọ́rùn-ún àti bàtà ẹsẹ̀ kan-kan wà. Wọ́n fi ìwé kan síwájú rẹ̀ pé: “Mo jẹ́wọ́ pé mo parọ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún. Wákàtí mẹ́fà ni.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó máa lọ sílé.

“Màmá, ẹ kàn kọ orúkọ yín síbẹ̀,” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń bẹ̀ ẹ́. “Kí ló máa ṣe yín? Bírò lásán ni.”

“Ọmọ mi, àwọn èèyàn ń wo ohun tí mo bá kọ, wọ́n á fi mọ ìgbà tí wọ́n máa jí, ìgbà tí wọ́n máa lo oògùn, ìgbà tí ẹni wọn máa dúró dè wọ́n. Tí mo bá kọ irọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa gbà mí gbọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ má rò pé Ọ̀gá kò ní ẹni tó lè là á lóye. Lójoojúmọ́, bó bá ń jẹun ọ̀sán ní aago kan, ìyá rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ láago láti ìlú òkèèrè.

“Ọkọ mi, ṣé o jí dáadáa?”

“Màmá, oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń jẹ.”

“Ọ̀sán báwo? Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu ni.”

Ọ̀gá á gbé fóònù sílẹ̀, á mi orí. “Ọpọlọ màmá ti ń rẹ̀ wọ́n. Wọn ò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́.” Ó ní kí àbúrò òun gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bi ìyá náà pé aago mélòó ló lù, ìyá sọ ọ́ láìṣì. Dókítà wá bèèrè pé, “Ta ló ní kí wọ́n gbé yín wá?” Nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé ẹni náà wá.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Ọ̀gá ṣètò ayẹyẹ. Òun àti Mínísítà àti àwọn èèyàn pàtàkì yóò wọ bàálù, wọn yóò fi wákàtí mẹ́fà dé ìlú òkèèrè, àwọn oníròyìn yóò pàdé wọn, Ìyá Aago yóò sì fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú wọn. Àwọn olórí ẹ̀ka fún Ọ̀gá ní aago góòlù kan tó tóbi bí ọmọrí ìkòkò, wọ́n kọ “Ẹni Wákàtí Mẹ́fà” sára rẹ̀. Aago àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá máa wọ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ ọ mọ́ ọwọ́, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Ìyá Aago dé pẹ̀lú aago rẹ̀ méjèèjì àti apẹ̀rẹ̀ ńlá kan.

Aago mẹ́jọ géérégé, wọ́n gbéra, èmi náà sì wà nínú bàálù náà. Wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí aago góòlù lu méjì, Ọ̀gá dìde, ó húkọ́.

“Ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀yin èèyàn iyì, mo kí yín káàbọ̀! Ẹ bojú wolẹ̀ lójú fèrèsé, kí ẹ rí ìlú tí mo fà súnmọ́ yín!”

Gbogbo wọn bojú wolẹ̀.

“Omi ni mo rí,” ni Mínísítà wí.

“Ìlú náà wà létí omi, Ọlọ́lá.”

“Létí èwo? Mi ò rí etí.”

Ọ̀gá jókòó. Aago lu mẹ́ta. Omi. Aago lu mẹ́rin. Omi. Inú Mínísítà kùn, kò sì kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò pé kó gbé oúnjẹ wá.

“Kò sí mọ́, Ọlọ́lá. Ìlànà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

“Ìlànà ta ni?”

Ọmọbìnrin náà yí ojú sí ibi tí Ọ̀gá wà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Aago ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, ẹyin sísè wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀pà àti tíì gbígbóná. Òórùn tíì gba àárín àga kọjá lọ síwájú. Mínísítà dìde, ó tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n fà lókùn.

“Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Kí ló dé tí ẹ gbé oúnjẹ tó pọ̀ báyìí?”

“Oúnjẹ wákàtí mọ́kànlá ni, Ọlọ́lá. Ẹ jókòó, ẹ jẹun.”

Bí Mínísítà ti ń jẹun, ó rí aago méjì. Ó bèèrè. Ìyá Aago na ọwọ́ méjèèjì sí i. “Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé tí a ti kúrò. Ọwọ́ òsì ni ibi tí à ń lọ. Ọ̀tún ni mo fi ń mọ iye wákàtí tí a ti lò. Òsì ni mo fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa wá pàdé wa. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó wá parí rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó ti sọnù.”

Mínísítà jẹ ẹyin kan, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Ó tún jẹ òmíràn. “Ó ti yé mi,” ló wí. Kò sì padà sí àga rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá ní iwájú ní aago mẹ́rin. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ti wà lórí ìlà kẹta. Ní aago márùn-ún, ó wà lórí ìlà kẹwàá. Nígbà tó yá, a rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀. “Màmá,” ló ń wí, “èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.” Mo fi dá yín lójú pé òun ló ka ìka rẹ̀ dé mẹ́fà gédégédé.

Ọ̀gá nìkan ló ṣẹ́kù síwájú. Ìyá Aago dìde, ó gbé ẹyin méjì àti búrẹ́dì lọ bá a. “Ọ̀gá, ẹ fi nǹkan sẹ́nu.”

“Ebi ò pa mí.”

Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kékeré, ó padà. Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ tí ó ń fọ́ èèpo ẹyin.

Nígbà tí aago góòlù sún mọ́ méje ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé. Oòrùn dúró sókè gangan, ó ń tàn yòò. “Kí ló ṣe oòrùn yìí?” ló wí. “Ó yẹ kó ti wọ̀.” Ẹ ò rí i? Ọkùnrin yìí ìbá yan ìgbìmọ̀ fún oòrùn bí àyè bá wà.

Wọ́n balẹ̀. Àwọn oníròyìn ti dúró. Ìyá Ọ̀gá náà wà láàárín wọn. Bí Ọ̀gá ti wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sára aago ògiri: aago méjì. Inú rẹ̀ tún dùn wàràwàrà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ó na ọwọ́ sókè. “Ẹ wò ó! Mo ní aago méjì! Mẹ́jọ sí méjì, mẹ́fà! Níbo ni obìnrin yẹn wà? Kó wá fọwọ́ síwèé!”

Ọwọ́ tó nà sókè yẹn ni aago góòlù wà. Ìyá rẹ̀ dì í mú, ó fà á wálẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ ọn.

“Ọkọ mi, aago rẹ yìí ńkọ́? Méje ló ń sọ.”

“Aago ilé nìyẹn, Màmá.”

“Aago mélòó lo kúrò nílé?”

“Mẹ́jọ àárọ̀.”

“Kà á fún mi.”

Níwájú àwọn oníròyìn, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé méjì, ó dúró. “Máa kà á lọ,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó kà á lọ. Ìka tán, ó tún ku ẹyọ kan.

“Mọ́kànlá,” ló wí.

“Mọ́kànlá. Èmi lo wá rán lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Mínísítà gba ìwé ìjẹ́wọ́ náà lọ́wọ́ Bẹ́ẹ̀-ni-sà, ó ya á sí méjì. Ó ní bí wọ́n bá padà délé, Ọ̀gá yóò tọrọ àforíjì nínú gbọ̀ngàn tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀, nínú gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pe bàálù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá ẹrù tó sọnù ń retí òṣìṣẹ́ tuntun.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n balẹ̀ sílé. Ní aago méje, Ìyá Aago gun àga, ó pa “mẹ́fà” rẹ́ lára pátákó, ó kọ “mọ́kànlá” síbẹ̀. Olórí alásè dá oúnjẹ kejì padà, ó sì fi èso kún un. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti kọ àforíjì ojú ìwé méjìlá fún Ọ̀gá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Èmi, alábòójútó òfurufú.” Ìyá Aago gbà á, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, àwọn èèyàn yìí ń wọkọ̀ ní aago mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí ó gba wákàtí mọ́kànlá.”

Ọ̀gá gba ìwé náà padà, ó gbé e sílẹ̀. Ó bọ́ síwájú gbohùngbohùn láìsí ẹni tó gbé àpò rẹ̀, láìsí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bàbá arúgbó tó jẹ bébà ṣúgà wà láàárín àwọn èrò. Ohun tí ó sọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni Ọ̀gá Àgbà. Mo ní wákàtí mẹ́fà ni. Irọ́ ni mo pa. Ìyá Aago sọ òtítọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi ìyà jẹ wọ́n. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ padà sórí àga yín. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin tí ebi pa, ẹ̀bi mi ni. Ìyá mi náà wà lórí fóònù yìí, wọ́n ń gbọ́ mi: Màmá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ yín, mo mọ̀ báyìí, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ọ̀nà náà jìn, mi ò sì lágbára láti gé e. Wákàtí mọ́kànlá ni.”